Ẹ Má Ṣe Já Máòsì Gbà Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ praimari kìíní títí dé ìkẹta, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́tà á dé pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú olùkọ́ wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá á yan ẹni tó bá wù wọ́n. Ẹ ó lọ, ẹ ó gba ìwé-ẹ̀rí, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó sì padà sí kíláàsì tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Èyí tí mo lọ kẹ́yìn ṣì ń dùn mí, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara mi ò tíì balẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tí wọ́n fi kọ́ iwájú gbọ̀ngán ni pé a kò ní fi ọmọ kankan sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà: ọmọbìnrin, ọmọ tí kò ríran dáadáa, ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọmọ tí kò tíì rí láptọ́ọ̀pù rí nílé wọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo gbà á tọkàntọkàn, torí gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wà ní kíláàsì mi.

Olùkọ́ àgbà kan wà ní ilé-ìwé wa tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ìfẹ̀yìntì wọn ò jìnnà mọ́. Ọmọ tí àwa yòókù bá ti ní kò lè kàwé, ọ̀dọ̀ Màmá la máa ń mú un lọ, á sì kà á. Nígbà tí ọ̀gá yan àwọn pẹ̀lú mi, inú mi dùn. Wọ́n ra ìwé tuntun àti bírò méjì nítorí ọjọ́ náà.

Láptọ́ọ̀pù kan ni wọ́n fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ mẹ́jọ ló sì yí i ká. Ká tó jókòó tán, ọkùnrin méjì tó ti mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀ ti gba iwájú rẹ̀. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn, à ń na ọrùn. Scratch ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn ará yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2007, kí ọmọdé lè máa to àṣẹ jọ ní búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi dípò kó máa tẹ ọ̀rọ̀ gígùn. Ológbò kan wà lójú kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá wọ́ búlọ́ọ̀kù búlúù kan wá sí àárín tó sì tẹ̀ ẹ́, ológbò náà á rìn ní ìṣísẹ̀ 10. Ó dùn ún wò.

Ó di ọ̀sán, Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà gbìyànjú. A ṣún fún wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n di máòsì mú, ohun kékeré tí a fi ń darí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá tíì di máòsì mú rí, ohun tó máa ń nira fún un jù ni kí ìka máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ bí apá ṣe ń rìn. Ìka Màmá á ṣí díẹ̀, búlọ́ọ̀kù á dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n á tún un mú. Ìka á tún ṣí. Wọn ò bínú, ẹnu wọn kàn ń mì wúyẹ́wúyẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ka máàkì. Ẹ̀ẹ̀kan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ó kù bí ìbú ìka kan kó dé ibi tó yẹ. Ìgbà yẹn ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ọmọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ, na ọwọ́ láti ẹ̀yìn wọn, ó sì já máòsì gbà.

“Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é, àkókò ti ń lọ.”

Ó wọ́ búlọ́ọ̀kù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ológbò rìn. Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn tiẹ̀ ní kí Màmá lọ máa múra ìfẹ̀yìntì sílẹ̀.

Màmá ò fèsì. Wọ́n yọ awò wọn, wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọ́n nù ún títí, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Wọ́n dìde fún ẹni tó fẹ́ jókòó. Títí a fi ṣíwọ́, ọwọ́ wọn ò kan tábìlì yẹn mọ́. Mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo dákẹ́. Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé ohun tó ṣe kò dáa. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ láti parí kí aago mẹ́rin tó lù. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, Màmá kọjú sí fèrèsé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ni wọ́n tó yíjú sí mi: “Ọmọ mi, àṣé bó ṣe máa ń rí lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nìyí, tí mo bá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wọn níwájú pátákó.”

N kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ kò sí nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa: bí a bá ṣe kọ́ olùkọ́ ni òun náà á ṣe kọ́ ọmọ. A ò lè fi ọjọ́ kan gbáko ti olùkọ́ sẹ́yìn, ká wá ní kó lọ fa ọmọ tó wà lẹ́yìn wá síwájú. Nítorí náà, olórí òfin tí mo ní báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe já máòsì gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ nǹkan. Ẹ fi ẹnu júwe fún un. Ẹ fi ìka yín hàn án, kí ìka náà má kan kọ̀ǹpútà. Bó bá pẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tò sàn ju ogún tí tíṣà bá a tò lọ.

Ẹ wo kíláàsì yín dáadáa, ẹ ó rí i. Bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, ọwọ́ ta ló máa ń wà lórí máòsì? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ló ń wò, òun náà ló sì ń kọ èsì sínú ìwé. Ọmọ tí kò rí kọ̀ǹpútà nílé, bákan náà. Kò sẹ́ni tó lé wọn, wọ́n kàn ti rí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn yá ju tiwọn lọ. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, kí ọ̀kan di máòsì mú, kí èkejì máa sọ ohun tó kàn láti ṣe, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Aṣọ pupa la máa ń jù sókè láti fi sọ pé àkókò pààrọ̀ ti tó, kí ọmọ tí kò gbọ́ràn lè mọ̀ lásìkò kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máòsì. Mo mọ̀ pé mo tún ti padà sórí máòsì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ti èdè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá nínú gbọ̀ngán yẹn. Màmá béèrè ìbéèrè ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Kì í ṣe òní la ti mọ̀ pé ọmọ máa ń tètè mọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè abínibí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. N ò sọ pé ká má kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì o, èmi náà ń kọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí mo bá ní “tí òjò bá rọ̀, kó aṣọ wọlé, tí kò bá rọ̀, jẹ́ kó wà níta,” kò sí ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò ní lóye bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yan ohun tó máa ṣe.

A ò tiẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà láti bẹ̀rẹ̀. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni Tim Bell, Mike Fellows àti Ian Witten ti ń fi páálí, okùn àti eré kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. CS Unplugged ni wọ́n ń pè é, Yunifásítì Canterbury ní New Zealand ló sì ti gbilẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n tiwa náà ń bẹ: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, òfin tí ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé láìfo ìgbésẹ̀ kankan. Ọmọ tó bá lè sọ bí wọ́n ṣe ń ta á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Ohun tí èmi àti Màmá fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. A ní kí àwọn olùkọ́ tó bá fẹ́ dúró lẹ́yìn ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀, a yá láptọ́ọ̀pù kan, Yorùbá la fi ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yanjú. Màmá ń wọ́ búlọ́ọ̀kù báyìí láìwo ìka wọn, àwọn náà sì ti ń kọ́ ẹlòmíràn.

Páálí tí Màmá lẹ ẹ̀wà mọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Páálí márùn-ún: ẹ̀wà kan lára àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 2, 4, 8 àti 16. Ọmọ márùn-ún á gbé wọn dání, kálukú á ṣí tirẹ̀ tàbí kó pa á dé, wọ́n á ka àpapọ̀ ẹ̀wà ara àwọn tó ṣí, wọ́n á sì lè fi í ka iye yòówù láti òdo dé 31. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nọ́ńbà gan-an nìyẹn, ṣíṣí àti pípadé. Àmì lásán ni àwọn èèyàn máa ń yà sára páálí yìí; Màmá ní rárá, ẹ̀wà gidi ni kí á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin kan wà tí kò ríran dáadáa, ẹni tó máa ń jókòó láìsọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ náà mo ní kí wọ́n fún mi ní mọ́kànlá. Ó fọwọ́ tọ́ páálí wò láti ìparí kan dé èkejì, ó dúró níwájú ọmọbìnrin tó di mẹ́rin mú, ó ní, “Pa tìẹ dé. Ó ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.” Òótọ́ ni. Àwa tó ń ríran ò tíì rí i.

Àwọn kan á ní ilé-ìwé àkànṣe ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. N ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 ní Nàìjíríà lòdì sí kí á ya ẹni tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀. Bí ọmọ kò bá sì ríran rárá, NVDA wà, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà jáde sétí. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Ọsirélíà kan, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà; àwọn méjèèjì ò ríran. Fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà, ScratchJr wà, àwòrán ni gbogbo àṣẹ inú rẹ̀.

Bí lẹ́tà bá tún dé ilé-ìwé yín, ẹ bi àwọn tó kọ ọ́ ní ìbéèrè kí ẹ tó lọ. Kọ̀ǹpútà mélòó ni fún olùkọ́ mélòó? Èdè wo lẹ ó fi kọ́ wa? Ṣé ẹni tí kò fọwọ́ kan máòsì rí lè wá, wákàtí mélòó lẹ sì yà sọ́tọ̀ fún un? Ṣé olùkọ́ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn á rí ọ̀nà bá yín ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé-ìwé.