Àwọn Ọkọ̀ Tí Wọ́n Kùn ní Funfun

Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ nígbàkígbà tí mo bá rántí PQ 17, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù tó gbéra láti Iceland lọ sí Rọ́ṣíà ní oṣù kẹfà ọdún 1942. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, Ọ̀gágun Dudley Pound, olórí ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí ìbẹ̀rù Tirpitz, ọkọ̀ ogun Jámánì, pàṣẹ láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí àwọn ọkọ̀ náà túká. Ọkọ̀ ẹrù 24 ni ọ̀tá rì. Tirpitz kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Leo Gradwell, lọ́yà tó ń darí Ayrshire, ọkọ̀ kékeré kan lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn, kó ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta nínú wọn wọ àárín yìnyín, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gúnlẹ̀ sí Archangel, èbúté kan ní Rọ́ṣíà.