Ọdún tí mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ọ̀sà

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin tèmi. Gbogbo èèyàn ti ń ka ohun tí ọdún yìí ṣe fún wọn, ẹni tó kọ́lé ti gbé fọ́tò síta, ẹni tó ra mọ́tò náà ti gbé tiẹ̀, èmi ò kọ́lé mi ò sì ra mọ́tò, owó oṣù tíṣà l'Ékìtì ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti yọ owó kóópù kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé ní January, ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sí i, òun gan-an sì ni ìyá mi sọ pé ṣé kí àwọn gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wo orí ni.

Mo ní mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Adó lọ sí etí ọ̀sà, kí n sì wọ ọkọ̀ onígbòkun níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà ni mò ń wí o, kì í ṣe Màrúwà. Odò Ọ̀ṣun ló kó èrò yẹn sí mi lórí. Téèyàn bá ti dárúkọ Ọ̀ṣun báyìí, Òṣogbo ni gbogbo ayé á sọ, bẹ́ẹ̀ Ìgèdè-Èkìtì níbí ló ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ ló ti ń ṣàn bọ̀ títí tó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí lápá Ẹ̀pẹ́. Mo wá ní omi ilé wa ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ò mọbẹ̀.

Ògúst ni mo lọ, nígbà tí iléèwé ti wà ní ọlidé tí òjò sì dáwọ́ dúró díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi, irú èyí tó ń ká sí méjì ni, táyà rẹ̀ ò ju 20 íǹṣì lọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kẹ̀kẹ́ àbúrò mi ni mo gbà. Ẹni tó bá mọ̀ pé Adó fi nǹkan bí 400 mítà ga ju òkun lọ á rò pé èèyàn á kàn máa yí lọ sísàlẹ̀ ni. Irọ́ ńlá! Láti Ìkéré tí àpáta Olósùnta ti ń wò ẹ́ bọ̀, dé Àkúrẹ́, dé Oǹdó, tóo bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán ni wàá tún gùn, ṣéènì á máa ké, itan á máa gbóná. Nígbà tí mo dé Òrè ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ó le kú ìjà Òrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun abẹ́lé 1967 làwọn ń wí, tèmi kì í ṣe ogun, ẹsẹ̀ lásán ni. Níbẹ̀ mo ká kẹ̀kẹ́, mo tì í sínú búùtù bọ́ọ̀sì títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àgàbàgebè nìyẹn, èèyàn tó ń rò ò ní fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn tírélà ọ̀nà yẹn.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ bá bàbá apẹja kan. Ìgbòkun bàbá, àpò ìrẹsì àti àpò fùláwà ni wọ́n rán pọ̀. A fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ sọdá láàárọ̀ kùtù, kẹ̀kẹ́ wà láàárín ọkọ̀ tí mo fi okùn dè é, mo sì gùn ún ní òdìkejì lọ wo òkun. A ò gbé ọkọ̀ dé ojú òkun fúnra rẹ̀ o, láti June sí September ni ìgbì tó ń ti ìsàlẹ̀ Atlantic bọ̀ máa ń ga jù, kì í ṣe nǹkan à ń fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ dán wò.

Mo padà dé, mo ní kí a máa lọ. Bàbá ní, “Tíṣà, jókòó jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ ò tíì jí.” A jókòó. Ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbóná ju omi lọ tí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra sókè, tòkun á wá rọ́ wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn dí àyè rẹ̀. Ọ̀sán ló dé, ó dé bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Bàbá ta ìgbòkun àpò ìrẹsì rẹ̀, ọkọ̀ fò, èmi tó jẹ́ pé òógùn ni mo fi ra gbogbo kìlómítà láti Adó, mo kàn jókòó lórí pákó tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀bọ. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Ẹ wá wo ibi tọ́gbọ́n wà. Ọkọ̀ yẹn ò ní nǹkan kan nísàlẹ̀ tó lè fi di omi mú, ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí ló ń lọ, kò lè yíjú padà kọ ọ́. Nítorí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń sá fún ìgbòkun, pé lílọ dùn, bíbọ̀ ńkọ́? Èmi ní kẹ̀kẹ́. Ibi tó gbé wa gúnlẹ̀ jìnnà sí ibi tí a ti gbéra, bàbá ní òun á sùn sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun kóun tó fi àjẹ̀ padà nídàájí tí atẹ́gùn bá sùn, èmi tú kẹ̀kẹ́ mi, mo póǹpù táyà, mo gba ọ̀nà oko padà sí Ẹ̀pẹ́, mo bá wọn ní ọjà Olúwo tí wọ́n ṣì ń ta ẹja. Kẹ̀kẹ́ nìkan ò lè sọdá omi, ìgbòkun nìkan ò lè mú mi padà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pé méjì, kò sí èyí tó ń bẹ epo bẹntiróòlù. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo lọ́dún yìí!

Iyọ̀ òkun jẹ ṣéènì mi díẹ̀ ṣá, omi tútù àti gíríìsì ni mo fi tọ́jú ẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Àwọn nǹkan yòókù tí mo kọ sílẹ̀, owó tí mo fẹ́ fi pamọ́, fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ rà, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ìyẹn á tẹ̀lé wa wọ ọdún tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi sì ti ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé òun lòun ní kí n lọ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, apá Ìlàjẹ ni mo fẹ́ gbà, Òkìtìpupa sí Igbókòdá, kí n jẹ púpurú níbi tí wọ́n ti ń sè é. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó yáa ti máa gun òkè Adó láti ìsinsìnyí, kó ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kó sì kọ́ ìwẹ̀. Mi ò ní bá ẹni tí ò mọ̀wẹ̀ wọ ọkọ̀, ẹ má bínú.