Kókó abẹ́ awọ tí kì í dunni

Ẹ fi ìka méjì tì í jẹ́jẹ́. Bó bá rọ̀, tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rá lásán. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ àìdunni kọ́ ni àìléwu o! Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kókó ọrùn sì lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kókó ọmú àti ti ọrùn, àti èyí tó le, tó lẹ̀ mọ́ ara, tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ tàbí tó ń yára dàgbà, ẹ tètè lọ fi han dókítà.

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wánsáàmù (onígbàjámọ̀ Haúsá tó ń fi abẹ tọ́jú ara) fi abẹ là á. Abẹ àlòtúnlò ń kó àrùn ranni, kókó tí àpò rẹ̀ ṣẹ́ kù sínú yóò sì tún wú. Bí dókítà bá gé e, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí láàbù fún àyẹ̀wò.