Òkúta, okùn àti fóònù mi

Ọdún kẹ́jọ rè é tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní sáyẹ́ǹsì. Ní táàmù tó kọjá, mo ní n kò ní kọ nótì sójú pátákó mọ́, kí wọ́n fúnra wọn wádìí ọ̀rọ̀. Mo kó okùn àti òkúta fún wọn. Mo ní, "Òkúta tó ń fì lórí okùn yìí, kí ló ń mú un yára?" Mo bá jókòó.

Ariwo sọ! Àwọn kan ń ju òkúta. Àwọn mìíràn so òkúta ńlá mọ́ okùn gígùn, wọ́n so kékeré mọ́ kúkúrú, ni wọ́n bá fi ìgboyà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta ńlá wúwo, ló ṣe ń falẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo fún wọn lófin kan: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n ka àlọbọ̀ 10, kí ẹnì kan fi fóònù mi ka àkókò. Okùn mítà 1 gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Wọ́n so òkúta ńlá: 20 náà ni.

"Àǹtí, fóònù yín ti bàjẹ́."

Mo ní kí wọ́n tún un kà. 20. Wọ́n dín okùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, ó di 10. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì wá ní, "Ṣé òkúta ò wá níṣẹ́ kankan ni?"

Yorùbá ló fi bi mí. Ká ní mo ní kó fi òyìnbó sọ ọ́ ni, á gbé e mì. (Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti rí èyí láti 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko.)

Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 164 jọ lórí kí ọmọ máa fúnra rẹ̀ wádìí ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí olùkọ́ ṣàlàyé sàn ju kó tú ọmọ sílẹ̀ lásán lọ. Àmọ́ bó bá ń tọ́ ọ sọ́nà bó ṣe ń wádìí, ìyẹn ló borí. Ọ̀sẹ̀ méjì mi rè é lójú ìwé kan.

Ọ̀gá wa bínú pé mo pẹ́ jù lórí okùn. Òótọ́ ni. Mo sáré kọ nótì ẹ̀kọ́ tó kàn, ìyẹn ooru, sójú pátákó, wọ́n dà á kọ.

Nínú ìdánwò, ọmọ mẹ́ta péré ló kùnà ìbéèrè okùn. Ti ooru ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.