Ẹ tètè yọ wàràkàṣì yín kúrò nínú fíríìjì o

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lórí wàràkàṣì kan tí wọ́n ń pè ní Brillat-Savarin. Orúkọ adájọ́ kan ni o, ọkùnrin náà fẹ́ràn oúnjẹ gan-an, ọdún 1826 ló kú.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Dijon, ìlú kan nílẹ̀ Faransé, a pe ọ̀gá ọkọ mi àti ìyàwó ẹ̀ wá jẹun alẹ́, mo ní kí n ṣe bíi tiwọn, mo bá lọ ra odindi kan lọ́jà, ó rí roboto bíi kéèkì kékeré, ara ẹ̀ funfun, ó wá ní irun múlọ́múlọ́ bíi ti òròmọdìyẹ. Háà! Èmi rò pé ó ti bu ni. Mo fọ̀bẹ họ gbogbo ẹ̀ dànù, mo dá a padà sínú fíríìjì, ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde, ó tutù rinrin, ó le gbagidi. Wọ́n jẹ díẹ̀ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún bù sí i. Èmi náà tọ́ ọ wò, àfi bíi bọ́tà oníyọ̀.

Ìyá tó tà á fún mi ló là mí lójú, ó ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí funfun yẹn hù ni, òun ló ń mú kí ó máa rọ̀ láti ìta lọ sínú, ẹ̀yin ẹ wá ń họ ọ́ dànù! Ẹ má fi wé wàrà tiwa tí wọ́n ń fi ewé bomubomu ṣe, tá a lè dín, èyí máa yọ́ dànù ni. Ọ̀rá wàrà ni wọ́n ń dà kún mílíìkì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ omi ara ẹ̀ kúrò, ó kéré tán ìdá 72 nínú 100 ohun tó kù, ọ̀rá ni.

Ní báyìí, bíi wákàtí kan ṣáájú ni mo ti máa ń gbé e síta, nínú bébà ẹ̀, tí ooru bá mú mo máa ń dín àkókò yẹn kù. Lẹ́yìn ẹran àti sàláàdì, kí nǹkan dídùn tó dé, ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ gé e bíi kéèkì, láti àárín wá sí etí, torí abẹ́ awọ ti ń yọ́ nígbà tí àárín ṣì le díẹ̀, tó sì ń kan lẹ́nu fẹ́ẹ́rẹ́, ó yẹ kí kálukú rí méjèèjì. Ẹ fi omi gbígbóná nu ọ̀bẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń pè ní baguette lásán tó. Ṣáńpéènì ni wọ́n ń fi tì í, bó ṣe ń hó yẹn ló ń gé ọ̀rá lẹ́nu, èmi tí mi ò mutí, omi onígáàsì ni tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ náà sha. Tó bá ń rùn bí ìtọ̀, ó ti pẹ́ jù nìyẹn, ẹ má gbé e fálejò.

Ọ̀gá yẹn tún wá ní Kérésì tó kọjá. Orí ọ̀bẹ lásán ni mo rí lá.