Plánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1348, Ọba Philip Kẹfà ní kí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ní Paris wádìí ohun tó fà á. Wọ́n dáhùn pé plánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, Saturn, Jupiter àti Mars, tó pàdé lójú ọ̀run ní ọdún 1345, ló ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń sun igi olóòórùn dídùn nínú ilé, tí wọ́n sì ń la iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn, bí ẹni pé àìsàn nìkan kò tó gba okun ènìyàn. Ìlú Ragusa, tí à ń pè ní Dubrovnik ní orílẹ̀-èdè Croatia lónìí, ni mo gbóríyìn fún: ní ọdún 1377, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi tí àrùn wà kọ́kọ́ dúró fún oṣù kan ní ẹ̀yìn ìlú.