Ilé Tí Wọn Ò Rẹ́

Bíríkìlà ni bàbá mi, n'Ílé-Ifẹ̀. Nígbà tí mo fi fọ́tò Red House (Ilé Pupa), ilé àtijọ́ kan, ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, èsì wọn dé kíá: "Àjàní, ṣé owó sìmẹ́ńtì tí wọn ì bá fi rẹ́ ẹ ló tán ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Bexleyheath, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé ọ̀hún wà, kò jìnnà sí Abbey Wood níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá ládùúgbò yẹn láìyà síbẹ̀.

Àmọ́ ìbéèrè bàbá mi nítumọ̀ o. Lọ́dún 1859 tí William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí Philip Webb bá òun ya àwòrán ilé yìí, ọ̀pọ̀ olówó Lọ́ńdọ̀nù ló ń rẹ́ ara ilé wọn, tí wọ́n á kùn ún kó lè jọ òkúta. Àwọn méjì yìí, tí ìkankan nínú wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, fi bíríkì pupa sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibẹ̀ lorúkọ ilé náà ti wá.

Orí fèrèsé ló dá mi dúró. Kọnkéré la máa ń dà síbẹ̀ nílé. Níbí, bíríkì ni wọ́n tò tó tẹ̀ bí ọrun, tí ṣóńṣó rẹ̀ yọ sókè, kí ẹrù ògiri lè gba ọ̀tún àti òsì lọ, kó má tẹ fèrèsé mọ́lẹ̀. Fèrèsé fúnra wọn ò bára dọ́gba: èyí gùn, èyí kúrú, àwọn kan rí roboto bí ojú òwìwí. Ohun tí yàrá inú ń fẹ́ ni Webb kọ́kọ́ rò, kó tó dá ojú fèrèsé sí ògiri.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo bá wọn rò: àríwá ni wọ́n kọjú ilé sí. Nílẹ̀ tí oòrùn ti wọ́n bí ojú! Oṣù kẹrin ni mo lọ, n ò lè bọ́ kóòtù nínú ilé. Lọ́dún 1865, Morris alára kó kúrò.

Nínú ọgbà, kànga kan wà tó dé fìlà amọ̀ sísun ṣóńṣó. Mo ya ìyẹn náà ránṣẹ́.

"Fìlà yẹn dáa," bàbá mi ní. "Omi ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

N ò yọjú wo inú ẹ̀.